Òróró Tí A Fi Pa Rákẹ́ẹ̀tì Wulan

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ariwo ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ilé gíga oníbíríkì pupa kan ni, ní Whalley Range ní Manchester, tí a háyà, tí fèrèsé rẹ̀ ò pa dé dáadáa. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, Dádì á ti bọ́ sí pálọ̀, á máa pàtẹ́wọ́, á máa kọrin ìyìn bí ẹni pé òdìkejì títì ni Ọlọ́run ń gbé, tí etí rẹ̀ sì di díẹ̀. Bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mọ́mì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní kíà hóòmù, á fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé láti ibi iṣẹ́, á kúnlẹ̀ tòun ti kóòtù lọ́rùn, á sì ti sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀ kí a tó ṣe àmín. Ìgbà náà la óò máa gbọ́ ọ lókè, nínú yàrá abẹ́ òrùlé: gbì, gbì, gbì, gbì. Wulan ló ń fo okùn. Dádì á dá orin dúró, á gbójú sókè wo àjà, á pòṣé. "Ẹ wo nǹkan. Àwa ń wá ojú Olúwa, ọmọ Ṣáínà ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́." Bẹ́ẹ̀ Wulan kì í ṣe ọmọ Ṣáínà. Ọmọ Indonéṣíà ni. Mo ti sọ ọ́ fún un tó ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, bàbá mi sì jẹ́ ẹni tí kì í gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi Ẹ̀mí Mímọ́, ìyẹn náà, ọjọ́ tó bá wù ú ni.

Fallowfield ni Dádì ti rí Wulan. Síkiọ́rítì ni Dádì ní ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa rò pé òun ló ni yunifásítì. Ọmọbìnrin náà ń wá yàrá tí kò wọ́n, àwa náà ń wá ẹni tó máa gba yàrá òkè, ló bá fi bàágì méjì àti àpò rákẹ́ẹ̀tì kan wọlé tọ̀ wá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó rí tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, badminton sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: iṣẹ́, kì í ṣe eré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní abúlé kan ní Jáfà, tó lọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní badminton láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n pè é sí àgọ́ àwọn tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè wọn ní Jakarta. Orúnkún rẹ̀ wá yẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka orúkọ àwọn tó máa dúró ní àgọ́, wọn ò ka tirẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀. Gbogbo ohun tó wá ṣe ní Manchester, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́, kíláàbù kékeré tó ń gbá a fún, ìrẹsì tó ń wọ̀n kó tó jẹ ẹ́, ọ̀nà àtipadà sí àgọ́ yẹn ló ń wá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn pé, "Tọ́lá, bí mi ò bá padà kí n tó pé ogún ọdún, wọn ò ní bojú wo ọ̀dọ̀ mi mọ́."

Màmá, ìyá Dádì, wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà. Ṣàgámù ló ti wá lo oṣù mẹ́fà, ó sì fi oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bú Manchester: òjò rẹ̀, búrẹ́dì rẹ̀, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe àgbà lórúkọ. Orí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì ló ti ń darí ilé. Tọ́lá, ṣa ẹ̀wà. Tọ́lá, bó àlùbọ́sà. Tọ́lá, gbá àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹ́ ló máa ń pọ̀ jù lórí àtẹ̀gùn yẹn, torí ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan kékeré tí wọ́n ń gbá nínú badminton, Wulan sì máa ń gbá a títí tí yóò fi já jálajàla. "Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń na ìyẹ́ adìẹ kiri," Màmá á ní. "Adìẹ kú tán, wọn ò jẹ́ kó sinmi." Ìgbà kan ṣoṣo ló gba fún Wulan. Lọ́jọ́ náà, ó bu ọbẹ̀ ata tó ta gan-an fún un láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wa sì dúró kí omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Wulan jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó sáré gòkè lọ mú ata tirẹ̀ wá nínú ìgò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. Màmá tọ́ ọ wò. Omi ojú rẹ̀ dà wàrà dé àgbọ̀n. Kò bú ọmọ náà fún odidi ọjọ́ méjì.

Èmi ni Màmá fi máa ń yangàn, torí pé mo jẹ́ ọmọ tó mojú. Ojú ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí nílé wa. Bí àlejò bá ń jẹun tó ní kí n wá bá òun jẹ ẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú Dádì. Ojú kan wà tó ń sọ pé lọ, òmíràn wà tó ń sọ pé dán an wò kí o rí i. Dádì ò ní la ẹnu. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ ká bí ẹni mọ orin ìjọ. "Ọmọ tó mojú kì í tẹ́," Màmá á ní, á sì fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti mọ̀ pé ọmọ tó mojú máa ń tẹ́ dáadáa. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ ni.

Ààyè kan wà lẹ́yìn ilé, láàárín ògiri àti àwọn bíìnì. Ibẹ̀ ni Wulan ti ń kọ́ mi ní badminton lọ́jọ́ tí òjò bá sinmi, ìyẹn ò sì pọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n gbá nígbà náà, mi ò mọ̀ ọ́n gbá títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rákẹ́ẹ̀tì. Téèpù rírọ̀ kan wà tó máa ń wé mọ́ ibi ìdìmú rẹ̀, á wé e díẹ̀díẹ̀ láti ìdí lọ sókè, á fà á le, kò ní sọ̀rọ̀ títí tó fi máa parí. "Wò ó, Tọ́lá," ó ní. "Gbogbo agbára mi, ibí yìí ló ń gbà jáde. Bí ibí yìí bá ń yọ̀, mo ti tán." Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ dòdò, kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, á ní kí n lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé òróró ni ọ̀tá téèpù yẹn. Nítorí náà, mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí pé ọmọdé ni mí, mi ò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá, Wulan bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo ẹni tó bá kò lójú. Ìwé ìròyìn àdúgbò kan rán ènìyàn wá ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, Dádì wọ kóòtù Sunday, ó sì bọ́ sínú fọ́tò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ Ṣáínà ti di ọmọ wa. "Our own daughter ni o," bó ṣe ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. "Abẹ́ òrùlé mi ló ń sùn. Àdúrà ilé mi ló ń jẹ lára rẹ̀." Ẹni tó ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́ lóṣù tó kọjá! Ṣíọ̀. Ni ìròyìn bá dé pé kóòṣì àgbà kan láti àgọ́ Jakarta, tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá díje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa yà sí Rochdale, nítòsí Manchester, lọ́jọ́ Sátidé kan láti wo Wulan níbi ìdíje kan. Bó bá gba ife náà lójú ọkùnrin yẹn, ó ń padà sí àgọ́ nìyẹn. Wulan ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Dádì ló ń bá a sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgò òróró yìí fún yín. Inú àpò kóòtù bàbá mi ló máa ń wà nígbà gbogbo. Òróró ólífì lásán ni, láti ilé ìtajà, Pásítọ̀ ló gbàdúrà sí i. Kò sí ohun tí Dádì ò fi í pa. Nígbà tó lọ sí Ṣàgámù, ó fi pa pásípọ́ọ̀tù Màmá kí Màmá tó lọ gba físà, obìnrin ibẹ̀ sì béèrè bóyá àkàrà ni wọ́n dì sínú rẹ̀. Ó fi pa bírò tí mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò. Bírò náà ò kọ̀wé mọ́, Dádì sì ní èṣù ló ń jà. Mọ́mì mọ ìwà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tí àwa ń jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó gbá ohun tó fẹ́ gbá." Dádì rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ sùn.

Màmá jókòó níwájú mọ́tò, búláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan. Èmi àti Wulan wà lẹ́yìn, kúlà mọ́ínmọ́ín wà láàárín wa. Ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá ní Rochdale, Wulan na ẹni méjì kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ku àṣekágbá. Wọ́n fún wọn ní wákàtí kan kí wọ́n sinmi. Ó jókòó tì mí, ó tú téèpù tó ti mu òógùn kúrò lára rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì, ó wé tuntun mọ́ wọn, téèpù méjì tó kù nínú àpò rẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé yìnyín lé orúnkún. Ó gbé àpò náà sí mi lẹ́sẹ̀. "Tọ́lá, bá mi mójú tó o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Mo ní, "Mo ti gbọ́." Inú mi dùn débi pé mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Dádì fi dé. "Gbé àpò yẹn wá."

"Dádì, Wulan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, sà."

"Ẹnikẹ́ni? Èmi wá di ẹnikẹ́ni?" Ó ti ń ṣí ìgò.

"Òróró máa jẹ́ kó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, sà. Ó sọ fún mi."

Màmá ló dá mi lóhùn. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí àgbà bá jókòó rí, ọmọdé ì báà gun igi, kò lè rí i." Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí àgbà wa jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta ṣokoléètì ni, ó ń tú fóìlì kúrò lára mọ́ínmọ́ín. Ohun tó ń rí níbẹ̀ kò ju ẹyin àti ẹja lọ.

Dádì ní ọwọ́ ọmọdé mọ́, ọwọ́ ọmọdé ni Ọlọ́run ń wò. "Tẹ́wọ́." Mo tẹ́wọ́. Ó da òróró sí i títí ó fi kán sórí bàtà mi. Mo fi pa rákẹ́ẹ̀tì kìíní, mo fi pa ìkejì, láti ìdí lọ sókè, bí Wulan ṣe ń wé e gẹ́lẹ́. Dádì ń pàṣẹ, Màmá ń ṣe àmín tòun ti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu. Nígbà tó parí, Dádì fi áńkáṣíìfù nu òde rẹ̀ kó má baà dán jù. "Má sọ fún un. Ẹ̀sìn tiwọn yàtọ̀, ó lè ní òun ò fẹ́." Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ bàbá mi. Ó mọ̀ pé ọmọ náà lè ní òun ò fẹ́.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí Wulan ti nà lẹ́ẹ̀mejì rí ni wọ́n jọ gbá àṣekágbá. Kóòṣì Jakarta jókòó níwájú, ìwé kékeré lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń nara, mo rí i tí Wulan ń fi aṣọ ìnura nu ọwọ́, tó tún ń nù ún, bí ẹni pé òógùn ni. Eré bẹ̀rẹ̀. Ó fò sókè kó fi agbára lu ìyẹ́ náà wálẹ̀, rákẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò kọjá nẹ́ẹ̀tì, ó balẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ kejì. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kóòṣì kọ nǹkan sínú ìwé. Ó mú rákẹ́ẹ̀tì kejì, ohun kan náà ni. Ó wá ń rọra gbá a bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ń nà án. Dádì dìde lẹ́yìn wa, ó ń pariwo, "Iná! Iná! Jésù, gbé ọwọ́ rẹ̀ ró!" Ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́.

Nígbà tí abala kìíní parí, Wulan wá síbi tí mo wà. Ó gbé ìdìmú rákẹ́ẹ̀tì sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó pe rẹfirí. Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án, ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ba irinṣẹ́ rẹ jẹ́, sọ ẹni náà báyìí, màá fún ọ láyè kí o lọ wá téèpù mìíràn. Bó bá jẹ́ àìbìkítà tìrẹ ni, ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi ń sinmi ti ń pé lọ." Wulan lósòó síwájú mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Tọ́lá. Ta ló ṣe é?"

Mo gbójú kúrò lára rẹ̀, mo wo orí èjìká rẹ̀, mo rí ojú Dádì tó ti sọ̀kalẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tó ń sọ pé dán an wò kí o rí i ni.

"Mi ò mọ̀," mo wí.

Wulan wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí itan mi. Wọ́n ń dán. Ó fi aṣọ ìnura wé ìdìmú náà, ó padà sẹ́nu eré, ó sì jà, ẹ̀yin ènìyàn, ó jà débi pé ó ku pọ́ìntì méjì péré. Ṣùgbọ́n wọ́n nà án. Kóòṣì ti pa ìwé rẹ̀ dé, ó ti ń wá ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó bọ ara wọn lọ́wọ́.

Tírámù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro, ni Wulan wọ̀ padà sílé, òun nìkan. Nínú mọ́tò, Dádì gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dá a. "Ọkàn rẹ̀ ni ò ṣí. A ṣe tiwa. Òróró ò lè jẹ́ fún ẹni tí kò gbàgbọ́." Màmá ní ìgbéraga ni, pé láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti fún òun ní ata ni òun ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ó na mọ́ínmọ́ín kan sí mi lẹ́yìn, ó ní, "Gbà, ọmọ tó mojú." Mo gbà á, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ ò rí i bí ojú mi ṣe le tó? Nígbà tí a délé, Mọ́mì bi Dádì bóyá ó ti sọ fún ọmọ náà. Dádì ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Kí oṣù tó parí, Wulan di ẹrù rẹ̀. Ó dágbére fún gbogbo wa, ó fi ìgò ata rẹ̀ sílẹ̀ fún Màmá. Nígbà tó kàn mí, ó wo ọwọ́ mi kó tó wo ojú mi. "Ó dàbọ̀, Tọ́lá." Yorùbá tí èmi kọ́ ọ ni.

Kíláàbù kan ní Denmark ló gbà á. Ó ń gbá a níbẹ̀ níwájú àga òfìfo, ó ti kọjá ogún ọdún dáadáa kí àgọ́ Jakarta tó tún pè é, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, kò jáde mọ́. Ó gba wúrà, ó gba fàdákà, a ń wò ó lórí fóònù. Inú ta ló dùn jù? Inú Dádì ni. Ọdọọdún ló ń gun pẹpẹ lọ jẹ́rìí. "Ọmọ yẹn, inú ilé mi! Òróró yìí, ọwọ́ mi!" Ìjọ á hó yèè. Èmi náà á máa wò ó láti ẹ̀yìn, níbi kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé orin àti fídíò sórí ògiri, torí èmi ni mo ń bójú tó o. Mi ò sọ nǹkan kan. Èmi odidi obìnrin, tó ti bímọ, tó ń gba owó oṣù.

Lọ́dún yìí ni Wulan ní òun fi eré sílẹ̀. Oníròyìn kan bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ojú gbogbo ayé ló ti ń wé téèpù rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Dádì rí fídíò náà, ó sáré pè mí. "Ó dárúkọ òróró! Ó dárúkọ Manchester! Tọ́lá, ibi tó ti ní 'òróró àdúrà,' ibẹ̀ ni kí o gé e sí. Ìyókù ò wúlò." Mo gé e. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gé e. Lọ́jọ́ Sátidé, Dádì wà lọ́dọ̀ wa, ife kan fọ́ ní ìdáná, mo bi ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà léèrè ẹni tó fọ́ ọ. Ọmọ náà ò wo ojú mi. Ojú Dádì ló kọ́kọ́ wò.

Lọ́jọ́ Sunday, fídíò tí mo gé àti odindi rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Dádì dúró lórí pẹpẹ, ó ní kí ìjọ fetí sílẹ̀. Mo tẹ odindi. Wulan yọ lórí ògiri, ó ti sanra díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nílé kan tí mo gbé ní Manchester, wọ́n fi òróró àdúrà pa rákẹ́ẹ̀tì mi." Ìjọ hó, "Halelúyà!" Dádì ju ìgò rẹ̀ sókè, ó hán an. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ojú tó ń sọ pé pa á. Mo rí i. Mo fi ọwọ́ mi sórí itan. "Wọn ò sọ fún mi," Wulan ń wí lọ. "Rákẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n nà mí, ọdún mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo bi ọmọ kékeré kan léèrè, ó ní òun ò mọ̀. Mi ò bínú sí i. Ẹ̀yìn mi ló ń wò nígbà tó ń dáhùn. Ẹni tó ń wò lẹ́yìn mi yẹn ni mo ṣì ń dúró kó sọ̀rọ̀."

Pásítọ̀ wa, ènìyàn jẹ́jẹ́, kọjú sí bàbá mi. "Díkìnì, ta ló ṣe é?"

Dádì nu ojú rẹ̀. "Mi ò mọ̀, sà," ó wí.

Mo fa makirofóònù tó wà lórí tábìlì mọ́ra.

"Èmi ni," mo wí. "Dádì ló da òróró sí mi lọ́wọ́."